Àga àtijọ́ tí a bá nílé bàbá wa àgbà: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká fi dáná?

Ọmọ Òkè-Àdó kọ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn tó mọ igi nínú yín. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti àwọn àbúrò mi lọ tún ilé bàbá wa àgbà ṣe ní Ìbàdàn, nítorí pé òjò ti ń wọ inú yàrá ẹ̀yìn. Inú yàrá yìí la ti bá àga mẹ́fà, tábìlì ìjẹun gígùn kan, àti kọ́bọ́ọ̀dù onídígí tí màmá wa àgbà máa ń kó abọ́ tánńganran sí. Adìẹ ti ń yé ẹyin sórí méjì nínú àwọn àga náà. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn wọ́n ti ń ṣí, pankẹ́rẹ́ tí wọ́n fi hun ìjókòó wọn sì ti já, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rọra jókòó sí etí ọ̀kan, kò mì rárá.

Àbúrò mi ọkùnrin ní kí a kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń la igi ìdáná, pé òun yóò ra àga tuntun tí wọ́n fi awọ bò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo dojú àga kan délẹ̀, mo fi abẹ ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ rẹ̀ ní ibi tí kò tóbi ju èékánná lọ, mo sì rí igi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò. Mo tún rí àmì kan tí kò yé mi: ẹnì kan ti fi irin gé ìlà mẹ́ta sára ẹsẹ̀ àga náà, ó sì gé ìlà mẹ́ta mìíràn sára ọ̀pá tó wọ inú ẹsẹ̀ ọ̀hún. Lára àga kejì, ìlà mẹ́rin ni.

Kí ni àwọn ìlà yìí túmọ̀ sí? Irú igi wo nìyí? Ṣé ó tó ohun tí a lè náwó lé lórí?

Káfíńtà Bódìjà kọ pé:

Ẹ kú àfojúsí, Àǹtí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àga yẹn dáná.

Àmì káfíńtà ni ìlà tí ẹ rí. Nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́, káfíńtà yóò gbẹ́ ihò sí ara ẹsẹ̀ àga, yóò sì gé orí ọ̀pá bí ahọ́n kí ó lè wọ inú ihò náà ní ìwọ̀n. Kò sí ihò méjì tó bára mu tán. Bí ó bá ti dán ọ̀kan wò tó sì rí i pé ó wọlé dáadáa, yóò gé àmì kan náà sára ẹsẹ̀ àti ọ̀pá, kí ó má baà gbé ti àga kan fún òmíràn nígbà tó bá ń tò wọ́n pọ̀. Ìlà mẹ́ta túmọ̀ sí pé àga kẹta nìyẹn nínú iye tó jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣì máa ń gé e títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ìdí tí àga náà kò fi mì nìyẹn pẹ̀lú. Ìṣó a máa dípẹtà, ihò rẹ̀ a sì máa fẹ̀ lójoojúmọ́ tí ènìyàn bá ń jókòó lé e, ṣùgbọ́n ahọ́n igi tó há sínú ihò igi kì í tètè tú. Gọ́ọ̀mù tí àwọn àgbà sì ń lò, láti ara awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ti ń sè é. Omi gbígbóná àti ooru a máa mú un rọ̀. Nítorí náà, bí oríkèé kan bá yẹ̀ lónìí, mo lè fi aṣọ tí mo rì sínú omi gbígbóná dì í, kí n tú u jẹ́jẹ́ láìfọ́ ohunkóhun, kí n nu ẹ̀gbin ibẹ̀, kí n sì tún un lẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun òde òní kò ṣe é tú bẹ́ẹ̀, pátákó fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ya. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn àgbà ju ẹwà rẹ̀ lọ nìyí: wọ́n ṣe é kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tún un ṣe.

Ní ti igi, àwọ̀ oyin tí ẹ sọ yẹn jọ ìrókò. Ọ̀gànwó pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, arère sì funfun, ó fúyẹ́, kòkòrò sì tètè máa ń jẹ ẹ́. Ikán kì í fẹ́ràn àárín igi ìrókò, èyí sì lè jẹ́ ìdí tí àga yín fi la gbogbo ọdún yẹn kọjá nínú yàrá tí òjò ń wọ̀. Ẹ bá mi lọ wo ojú tábìlì yẹn, kí ẹ ka iye pátákó tí wọ́n fi ṣe é. Iye yẹn yóò sọ nǹkan fún wa.

Aríléwọlà kọ pé:

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ. Bí ìtàn yín ṣe dùn mọ́ mi tó, ó tún dùn mí, nítorí pé irú àga yẹn ni àwọn òbí mi kó dànù ní Ìjẹ̀bú Òde kí n tó gbọ́n.

Níhìn-ín, ohun tí mo fi ṣe ilé mi lọ́ṣọ̀ọ́ ni àga tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ̀. Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní High Wycombe, tí iṣẹ́ àga ti jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Ercol ti bẹ̀rẹ̀ ní 1920, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti gbé àwọn àga G Plan jáde ní 1953. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ṣì pọ̀ nínú ilé àwọn arúgbó. Ṣùgbọ́n ìjọba ṣe òfin kan ní 1988 pé fóòmù àti aṣọ ara àga kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń tètè gbaná, àwọn ṣọ́ọ̀bù àánú, tí wọ́n ń ta ohun tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ, kì í sì í gba àga onítìmùtìmù tí kò bá ní lébẹ́ẹ̀lì òfin náà lára, àfi èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1950. Báyìí ni àga tó dára gan-an ṣe ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì nítorí fóòmù nìkan, tí igi rẹ̀ kò sì ní àléébù kankan.

Ọ̀nà yẹn ni mo gbà rí àga méjì tí mo ń jókòó lé bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ju fóòmù rẹ̀ nù, mo ra tuntun tó bá òfin mu, mo sì fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí màmá mi fún mi bo tìmùtìmù rẹ̀. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló ń béèrè ibi tí mo ti rà á.

Ọ̀rọ̀ Síwájú kọ pé:

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá yàtọ̀. Mo ti ra ibùsùn àtijọ́ kan rí ní gbàǹjo, nítorí pé wọ́n gbẹ́ òdòdó sí orí rẹ̀, ojú mi sì wọ ọ́. Oṣù méjì kò pé tí mo fi ń gbá lẹ́búlẹ́bú igi nílẹ̀ yàrá ní gbogbo òwúrọ̀. Kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán, ó sì ti wọ inú férémù ilẹ̀kùn mi kí n tó mọ̀. Owó tí mo san fún oògùn kòkòrò àti fún káfíńtà ju owó ibùsùn tuntun lọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ti pẹ́ ló dára. Àwọn àgbà náà ṣe ohun tí kò dára, èyí tí kò dára ti bàjẹ́ tán, ìyẹn ni a kò ṣe rí i mọ́.

Èkejì ni pé ìyàwó mi kò fẹ́ gbé lórí ohun tí ẹni tí òun kò mọ̀ kú lé. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nítumọ̀.

Káfíńtà Bódìjà kọ pé:

Òótọ́ lẹ sọ nípa kòkòrò, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra nǹkan àtijọ́ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Kí ẹ tó gbé igi kankan wọ yàrá, ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ẹ tẹ́ bébà funfun síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ihò kéékèèké lára igi kò ní kí ẹ bẹ̀rù, nítorí ó lè jẹ́ pé láti ogójì ọdún sẹ́yìn ni kòkòrò ti jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá ń bọ́ sórí bébà, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú rẹ̀ nìyẹn. Ní ti àga onífóòmù, ìdun ni kí ẹ wá, ní pàtàkì nínú ìránpọ̀ aṣọ àti lábẹ́ ìjókòó. Èmi kì í tún fóòmù ẹlòmíràn lò.

Igi tí kò dára ni mo máa ń kọ̀, ì báà jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún. Igi tó dára ni mi ò lè rí i kí n kọjá, nítorí pé mo mọ ohun tó ń jáde nínú ọjà pákó báyìí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, pákó ìrókò tó fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan àtààbọ̀ kì í ṣe ohun ìyanu. Lónìí, igi tí kò tíì dàgbà ni wọ́n ń gé, etí rẹ̀ funfun ju àárín lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kó gbẹ tán kí wọ́n tó tà á. Igi apá àti ọ̀gànwó ti dín kù ní Áfíríkà débi pé ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn CITES, èyí tó wà fún òwò ẹranko àti ewéko tó lè parun, pinnu pé a kò gbọdọ̀ tà wọ́n kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fi àga ọ̀gànwó dáná lónìí, ohun tí kò ní lè rà padà ló fi dáná.

Ọmọ Òkè-Àdó kọ pé:

Mo ti ka pátákó ojú tábìlì náà. Méjì péré ni! Mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì lé ọ̀kan, àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀lú gbogbo ìka tí mo yà, síbẹ̀ n kò dé etí rẹ̀.

Mo tún fa dúrọ́wà kọ́bọ́ọ̀dù náà, kò jáde. Àbúrò mi ní kí a pe ẹni tí yóò fi ìfági fá a.

Káfíńtà Bódìjà kọ pé:

Ẹ má fá a o! Òjò ló ń rọ̀, igi ti mu omi, ó wú. Bí ẹ bá fá a báyìí, tí ọyẹ́ bá dé tí igi súnkì, dúrọ́wà yẹn yóò máa jó nínú ihò rẹ̀ ni. Ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bó bá sì ti ń yọ, kí ẹ fi àbẹ́là pa ibi tó ń họ ara.

Ẹbí Pópó Àgùdà kọ pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá arúgbó ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìdílé tiwa, àwọn baba ńlá wa bọ̀ láti Brasil, iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ igi ni wọ́n sì mú bọ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ẹni tó bá sì wo ojú rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọwọ́ tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ló kọ́ ọ. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ibùsùn, àpótí àti àga inú ilé.

Mo rí ilé Ìlọ́jọ̀ lẹ́bàá gbàgede Tínúbù láti ìgbà èwe mi. Wọ́n ti kọ ọ́ láti 1855, ìjọba sì ti kéde rẹ̀ ní 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. N kò lágbára lórí ilé ńlá. Àga tó wà lábẹ́ mi ni mo lágbára lé lórí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e dànù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹnu bà. Ọmọ mi, àga bàbá àgbà kì í ṣe tìrẹ nìkan. Ogún ẹbí ni. Kí o tó fọwọ́ kàn án, pe àwọn àbúrò bàbá rẹ tó kù láyé, kí o sì sọ fún wọn pé o fẹ́ tún un ṣe. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá nítorí àga kan ṣoṣo tí wọn kò bìkítà fún títí ẹnì kan fi tún un ṣe tó wá ń dán.

Àti ìwọ, ọmọkùnrin tí ìyàwó rẹ ń bẹ̀rù ohun òkú: a kì í fi agbára mú ènìyàn sùn síbi tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí. Ra tuntun fún un. Ti ẹni tí a mọ̀ la ń sọ níhìn-ín.

Nọ́ọ̀sì Houston kọ pé:

Ẹ jọ̀wọ́, Àǹtí Òkè-Àdó, ẹ dá abẹ yẹn dúró ná. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Níbí ní Amẹ́ríkà, láti 1978 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀dà olójèé fún ilé àti fún àga, nítorí pé òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè pè ní kékeré fún wọn. A kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀dà dúdú yín, nítorí náà ẹ ṣe é bíi pé òjé wà níbẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà fá a ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná sun ún. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ kí eruku má baà gbéra, ẹ wọ ìbòmú, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kí ẹ lè kó èyí tó bá bọ́ dànù, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Eruku ìrókò fúnra rẹ̀ a máa yún ènìyàn lára, a sì máa há àwọn ẹlòmíràn láyà, nítorí náà ìbòmú yẹn kì í ṣe fún ọ̀dà nìkan.

Àwọn adìẹ yẹn ńkọ́? Ẹ lé wọn kúrò níbẹ̀. Adìẹ a máa ṣa ọ̀dà tó ń ṣí jẹ, òjé tó bá sì gbé mì a máa wọ inú ẹyin rẹ̀.

Ọmọ Oníṣẹ́ Pankẹ́rẹ́ kọ pé:

Mo kàn fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá dé ibi híhun ìjókòó, ẹ rí i pé ẹni tí yóò hun ún rẹ pankẹ́rẹ́ náà sínú omi títí yóò fi rọ̀ bí okùn. Bí ó bá ń gbẹ lórí àga, á máa fa ara rẹ̀ le. Èyí tí wọ́n bá hun ní gbígbẹ á kọ́kọ́ dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ kó tó rọ̀ sílẹ̀ bí ikùn àgbà. Ẹ ka ihò tó wà yí etí ìjókòó ká kí ẹ tó pè é, nítorí iye ihò ni a fi ń díye lé iṣẹ́.

Ọmọ Òkè-Àdó kọ pé:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ti kọjá, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

Mo kọ́kọ́ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Màmá Pópó Àgùdà. Mo pe àwọn àbúrò bàbá mi, a jókòó, wọ́n sì ní kí n máa bá a lọ, kí tábìlì náà má ṣe kúrò nílé ẹbí. A ṣe ọ̀dà náà ní títutù pẹ̀lú ìbòmú lójú, a sì kó gbogbo èyí tó bọ́ sínú àpò. Káfíńtà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti tú àga mẹ́ta, ó fi omi gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ náà bí wọ́n ti wí níhìn-ín, oríkèé sì tú láìfọ́. Nígbà tó fa ahọ́n igi àkọ́kọ́ jáde, ojú rẹ̀ mọ́ bíi pé àná ni wọ́n gé e. Ìlà tí káfíńtà àtijọ́ yẹn fi pẹ́ńsùlù fà láti fi wọn ibi tí yóò gé ṣì wà lára rẹ̀. Mo di ahọ́n igi yẹn mú fún ìgbà pípẹ́ kí n tó jẹ́ kí wọ́n tún fi gọ́ọ̀mù sí i.

Àbúrò mi ti jókòó lé àga àkọ́kọ́ tó parí. Kò sọ̀rọ̀ àga tí wọ́n fi awọ bò mọ́. Òun ló wá sọ pé kí a dojú gbogbo àga náà délẹ̀ kí a ka ìlà wọn. Ìlà kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, àti méje. Àga onílà márùn-ún ni kò sí.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn ẹbí létí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Abẹ́òkúta pè mí. Ó ní òun gbé àga kan lọ́wọ́ bàbá wọn nígbà tí òun lọ sílé ọkọ, ilé ìdáná òun ló sì wà láti ìgbà náà, òun a máa jókòó lé e rẹ́ ẹ̀fọ́. Mo ní kó jọ̀wọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tó gbé fóònù kalẹ̀, mo gbọ́ tí ó ń pe ọmọ kan kó wá bá òun dojú àga délẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kà á jẹ́jẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi dé márùn-ún.